Ìkúnlẹ̀ Gienia Dombek ní Pápá Marbrook

Bí ọmọdébìnrin kan bá kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run láàárín pápá ìdíje, tí ìkúnlẹ̀ yẹn sì gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni ká dá lẹ́bi? Ṣé ọmọ náà ni, àbí Ẹni tó kúnlẹ̀ fún, tó ń wò ó, tí kò sì ṣe nǹkan kan? Mo ti gbé ìbéèrè yìí lọ síwájú pẹpẹ láìmọye ìgbà. Mo ti bi oríṣiríṣi Fada. Ọ̀kan ní kí n gbàdúrà, òmíràn ní kí n má ronú jù, òmíràn kàn rẹ́rìn-ín ni. Mi ò tíì rí èsì, mi ò sì ní parọ́ pé mo ti rí i. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ọ̀rọ̀ Gienia Dombek bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi.

Òpópónà Tannery ní Wessacot, níbi tí àwọn èèyàn wa tó ti Poland wá ń gbé, ni wọ́n bí i sí, ní àjà òkè pátápátá nínú ilé onígi kan tí ìdílé mẹ́ta ń gbé. Ptak ni orúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá ń hun aṣọ ní ilé iṣẹ́ etí odò, ìyá náà ń hun ún, bíi ti gbogbo òbí wa. Òdìkejì títì ni ilé tiwa wà, mo sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ti ń bá àwọn ọmọkùnrin jà nítorí yìnyín.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ìjọ kan, kò sí ẹgbẹ́ panápaná kan ní gbogbo àfonífojì wa tí kò ní ẹgbẹ́ onílù ọmọdé tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Sátidé nígbà ooru, ìlù àti fèrè idẹ lẹ ó máa gbọ́ láti ìlú dé ìlú. Ọmọ tó bá ti pé mọ́kànlélógún ti dàgbà jù, ó gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn máa ń sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó wọn lọ. Olùṣọ́ Saint Kinga ni wọ́n ń pe tiwa. Aṣọ pupa la máa ń wọ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì funfun àti fìlà tó ní ìyẹ́ ẹyẹ tí àwọn ìyá wa fọwọ́ ara wọn rán. Ọ̀gbẹ́ni Bielak, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti jagun lókè òkun, tó wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ló kọ́ wa. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni pápá wa. Èmi ni mò ń lu ìlù ńlá. Gienia ló ń gbé àsíá orílẹ̀-èdè.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣètò ìdíje, òfin wọn sì le. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbé àsíá wọ pápá, kí ẹ̀ṣọ́ kan wà lọ́tùn-ún, kí ọ̀kan wà lósì. Àsíá yẹn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀, orí òpó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀, fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ gómìnà, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Bó bá tẹ̀, odindi máàkì kan lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá máàkì kan ló sábà máa ń wà láàárín ẹni tó gba ife àti ẹni tó ń sunkún lọ sílé. Ọ̀gbẹ́ni Bielak yan Gienia torí ó ga, torí apá rẹ̀ le, àti torí pé kì í rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rìn bí ẹni tí nǹkan ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ilé iṣẹ́ òwú ló kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ó sì wà á títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó fẹ́ Staś Dombek, ó bí ọmọ méjì, ó sin Staś. Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti di bàbá ọmọ báyìí, wọ́n ṣì máa ń ki ọwọ́ bọ àpò tí wọ́n bá rí i lọ́nà, bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Kì í pa Mísà jẹ. Ìjókòó kejì lápá ère Màríà ló máa ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Èmi tí mò ń ka Ìwé Mímọ́ níwájú ìjọ, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ka ẹsẹ kan dáadáa. Tí mo bá ṣì í kà, yóò wo àjà.

Lọ́dọọdún, bí ewé igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, a máa ń ṣe Mísà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kú, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará Marbrook náà máa ń wá, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Grenadiers ti àwọn panápaná, torí ikú kò mọ aṣọ pupa tiwa yàtọ̀ sí aṣọ aró tiwọn. A ó jẹ ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé, a ó mu kọfí, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ ọmọdé wo ló dára jù lọ látìgbà tí àfonífojì yìí ti wà? Bàbá tí wọ́n ti la àyà rẹ̀ nílé ìwòsàn á dìde, á fi ṣíbí méjì lu tábìlì láti fi hàn bí àwọn onílù wa ṣe máa ń ṣe é. Ìyá arúgbó á fún ẹnu pọ̀, á fun fèrè tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á mẹ́nu kan ẹgbẹ́ tó ti kú kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa. Àmọ́ ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ gbà lọ, pápá Marbrook ló máa ń já sí, ní ọdún tí a pàdánù.

Ray Tillotson ni aṣáájú àwọn Grenadiers. Ó ń ta ìbánigbófò kó tó fẹ̀yìn tì. Ohùn rẹ̀ tutù, eyín rẹ̀ funfun, kì í bínú. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú. Á jẹ́ kí gbogbo wa pariwo tán, kó tó wá fi ọwọ́ nu ẹnu.

“Ife ẹ̀yẹ kì í parọ́, ẹ̀yin ará mi,” ni yóò wí. “Ẹ lọ wò ó nínú gíláàsì ní gbọ̀ngán panápaná.”

Lottie Skiba, tó ń lu ìlù kékeré fún wa nígbà náà, ló sábà máa ń dá a lóhùn. “Ife kì í parọ́, Ray, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ òtítọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ mi náà kì í parọ́.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á sì wẹ̀yìn wo Gienia. Lọ́dọọdún ni. Mo ti rí i tí ó ń mú àwo rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná kí wọ́n tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdíje tó gbẹ̀yìn ọdún ni. Wọn ò tíì ṣẹ́gun wa láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ó di ìgbà tí a ó gbé àsíá wá síwájú àwọn ìjókòó. Gienia àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dúró ní iwájú pátápátá, àwa onílù wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, a ń lu bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ là. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú ṣubú lulẹ̀ lójijì. Fada wa, Fada Zdunek, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ aláìsàn kan ló ti ń bọ̀, Ara Olúwa, búrẹ́dì tí a ti yà sí mímọ́, ṣì wà láyà rẹ̀ nínú àpótí wúrà kékeré, agogo kékeré sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní abúlé rẹ̀ ní Poland ló ṣe ń ṣe é ní Wessacot: tó bá ti gbé Ara Olúwa lọ síbì kan, á máa lu agogo, ẹni tó bá gbọ́ ọ á kúnlẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ó gba etí pápá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Iwájú àsíá wa gan-an ló gbà kọjá.

Àwa tí a wà lẹ́yìn kò gbọ́ agogo. Gienia gbọ́ ọ, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan.

Adájọ́ tó ń rìn káàkiri pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé lọ́wọ́ fa ìlà kan sórí ìwé rẹ̀. Máàkì kan lọ: àsíá orílẹ̀-èdè tẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá máàkì kan ni Grenadiers fi borí wa. Ọkùnrin tó ṣubú ńkọ́? Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, oòrùn ló mú un. Wọ́n bu omi lé e lórí, ó dìde, ó ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan tútù mu. Kò gba Ara Olúwa, kò tilẹ̀ mọ ohun tí Fada wá ṣe. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà mìíràn láàárín Mísà, ní ìgbà tí kò yẹ kí n máa rántí ohunkóhun.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Fada Zdunek gun orí àga ìwàásù, ó sì sọ pé ọmọbìnrin wa kan ti tẹ àsíá orílẹ̀-èdè alágbára jù lọ láyé síwájú Ọba àwọn ọba. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń sunkún. Ìwàásù yẹn dùn débi pé ó dàgbà jù wá lọ, ìlú pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní Gienia ló pa wá, pé nítorí rẹ̀ ni ìjà ṣe wọ ẹgbẹ́ tó fi tú ká kó tó di ọdún kejì. Àwọn kan sọ ọ́ di ẹni mímọ́, wọ́n ń ní kí ó fọwọ́ kan orí ọmọ wọn. Ìyá rẹ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké.

Ní ìgbà ìwọ́wé tó kọjá yìí, àwọn ìlú àfonífojì pinnu láti gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ lẹ́bàá afárá, kí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ ọmọdé tó dára jù lọ nínú ìtàn wa sí i. Àwa arúgbó tó kù la ó sì fọwọ́ sí orúkọ náà. Gbọ̀ngán wa ni a ti pàdé. A jiyàn títí kọfí fi tutù. Nígbà tó rẹ gbogbo wa, Tillotson dìde, ó ní òun ti rí ọ̀nà tí kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a kọ orúkọ Grenadiers sókè, torí àwọn ló gba ife. Kí a kọ orúkọ Saint Kinga sísàlẹ̀, kí a sì fi kún un pé wọ́n tẹ àsíá fún Ọlọ́run, wọ́n sì pàdánù.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tiwa gan-an pàtẹ́wọ́. Lottie Skiba nu ojú. Fada Sobol, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá bá wa, ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà ni. Ọkàn èmi náà rọ̀, torí ìwàásù àtijọ́ yẹn wà lára ohun tí mo fi ń ró ara mi lóru tí àdúrà bá gbẹ lẹ́nu mi. Pé ẹnì kan wà, tí mo mọ ilé bàbá rẹ̀, tó fi Ọlọ́run ṣáájú ife ẹ̀yẹ.

Gienia jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká.

“Ray, jókòó,” ló wí. “Mi ò tẹ àsíá.”

Tillotson rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyáàfin Dombek, iyì la fẹ́ fún yín.”

“Iyì tí mi ò ṣiṣẹ́ fún, ẹ máa mú un lọ sílé. Èyí tí mo ṣiṣẹ́ fún ni kí ẹ fún mi.”

Ó dúró síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi wá bóyá a ti gbàgbé Ọdún Ara Kristi, nígbà tí à ń tò lọ ní òpópónà Tannery, tí a ó sì kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ mẹ́rin tí wọ́n ṣe sójú títì. Ó ní ta ni a rò pé ó ń gbé àsíá lọ́jọ́ yẹn, ṣé màlúù ni? Gbogbo èèyàn ló ń kúnlẹ̀, òun náà ń kúnlẹ̀, àsíá kì í sì í tẹ̀, torí Ọ̀gbẹ́ni Bielak kò ní gbà. Ọ̀gbẹ́ni Bielak ló kọ́ ọ. Ó na okùn ìsáṣọ sókè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí orí òpó àsíá kan okùn yẹn, kí Gienia wá kúnlẹ̀, kí orí òpó má sì kúrò lára okùn. Ó ní kí ó tún un ṣe, kí ó tún un ṣe, títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n níbi oúnjẹ alẹ́.

“Bí ara mi ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá mi ń gòkè,” ló wí. “Bó ṣe rí nìyẹn ní òpópónà Tannery. Bó ṣe rí nìyẹn ní Marbrook. Adájọ́ rí orúnkún, ó kọ ọ́ pé àsíá tẹ̀. Fada rí orúnkún, ó wàásù àsíá. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ka méjèèjì, inú igi kan náà ni wọ́n ti hù?”

Fada Sobol fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé bóyá ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì mọ́, Ìyá, pé ìfẹ́ inú ìkúnlẹ̀ náà ni Ọlọ́run wò.

“Fada, mi ò bá Ọlọ́run jà. Ọlọ́run mọ bí àsíá náà ṣe dúró. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí Tillotson. “Tí wọn ò bá gé máàkì yẹn, àwa la ni ife yín. Odindi ọdún kan láìsí ẹni tó ṣẹ́gun wa. Ẹgbẹ́ wo ló ṣe é rí ní àfonífojì yìí? Àbí kí ẹ kọ èyí tó jẹ́ tiwa sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi Ọlọ́run bo ojú rẹ̀?”

Tillotson bi í bóyá ẹnì kan wà tó rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ti kú. Ìkejì wà ní Florida, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Lottie ní kí wọ́n bi mí, ó ní Walenty kì í parọ́. Gbogbo ojú wá sára mi. Mo sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́: pé ìlù ńlá ni mo gbé kọ́rùn, ó ga dé iwájú orí mi, awọ ìlù nìkan ni mo rí ní gbogbo ìgbà èwe mi. Lọ́jọ́ Ara Kristi náà, ẹ̀yìn pátápátá la máa ń wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gienia kò rẹ́rìn-ín.

Tillotson na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún Ìyáàfin Dombek, àmọ́ ọ̀pá àsíá ìgbà yẹn wuwo, ẹni tó bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó di dandan kó tẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe é. Ó fi ohùn tutù yẹn sọ ọ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọdé lórí.

“Ẹ mú un wá ní Sunday,” ni Gienia wí. “Lẹ́yìn Mísà, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú àsíá àtijọ́ yín wá, kí ẹ má baà ní tiwa fúyẹ́. Èmi á mú okùn wá.”

Tillotson ní ó dáa. Ó ní bí orí òpó kò bá kúrò lára okùn, òun fúnra òun á fọwọ́ sí Saint Kinga, àwọn èèyàn òun á sì tẹ̀ lé òun. Bó bá kúrò, kí a kọ òkúta bí òun ṣe wí, kí ọ̀rọ̀ tán. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó rò pé eré ni.

Mi ò sùn dáadáa. Inú ń bí mi sí Tillotson, inú ń bí mi sí Fada Zdunek tó ti kú, Ọlọ́run kó dárí jì mí. Nígbà tí mo sì wò ó dáadáa, mo rí i pé inú ń bí mi díẹ̀ sí Gienia pàápàá. Bí àsíá kò bá tẹ̀, kí ni mo ti gbé lé ọkàn láti ọjọ́ yìí? Bí a kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bó bá jẹ́ pé àṣìṣe adájọ́ kan lásán ló gba ife lọ́wọ́ wa, a jẹ́ pé òfò lásán ni, kò sí ìtumọ̀ nínú rẹ̀. Mo ka Róósárì. Ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sán kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ sílé rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó gba ìlà tí wọ́n fẹ́ kọ sórí òkúta. Ó fún mi ní kọfí àti àkàrà òyìnbó, ó jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ mi tán. Mo ní ìlà náà lẹ́wà. Mo ní àwọn ọmọ ọmọ wa á kà á, wọ́n á mọ̀ pé a fi Ọlọ́run ṣáájú. Mo ní àwọn tó ń bú u á pa ẹnu mọ́ wàyí.

“Àwọn tó ń bú mi kò yọ mí lẹ́nu,” ló wí. “Wọ́n rò pé mi ò mọ iṣẹ́ mi, mo lè bá wọn jà. Ẹ̀yin tí ẹ sọ mí di ẹni mímọ́, kí ni mo fẹ́ fi bá yín jà? Ẹ ti gba ẹnu mi.”

Mo gbé kọfí mi sílẹ̀.

“Walenty, ṣé orí àsíá tó ṣubú ni ìgbàgbọ́ rẹ jókòó sí?”

Ó wò mí pẹ́, bó ṣe máa ń wò mí láti ìjókòó kejì. Mo sọ fún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, pé nígbà mìíràn tí mo bá gbé Ìwé Mímọ́ sílẹ̀ tán, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní òun náà máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ nídìí bọ́ọ̀sì nígbà òtútù, tí ilẹ̀ bá ṣì ṣókùnkùn, òun a sì máa wa bọ́ọ̀sì lọ.

“Ṣùgbọ́n gbọ́,” ló wí. “Agogo dún, mo kúnlẹ̀ fún Un. Àsíá wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e dúró. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fún mi, mo ṣe méjèèjì. Èéṣe tí ẹ fi fẹ́ kí n ti ba ọ̀kan jẹ́ kí ẹ tó lè gba èkejì gbọ́?”

Ó dìde. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sẹ́yìnkùlé. Okùn ìsáṣọ kan ti wà níbẹ̀, ó ti na án sókè láàárín igi ápù àti ògiri. Ó mú ọ̀pá kan tó gùn, tó ti so aṣọ ibùsùn mọ́ lórí kó lè wuwo. Ó fi awọ àtijọ́ kọ́rùn, èyí tó ní ihò tí wọ́n ń ki ìdí òpó bọ̀. Ó dúró tààrà. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni, ó wọ síwẹ́tà àti bàtà ilé.

Orí òpó kan okùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ń lọ sílẹ̀, òpó ń yọ kúrò nínú ihò awọ, apá rẹ̀ ń gòkè, ń gòkè, títí ó fi na tán lókè orí rẹ̀. Orúnkún kan koríko. Mo gbójú sókè. Orí òpó ṣì wà lára okùn, kò mì, àfi bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ aṣọ ibùsùn náà.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe àmì àgbélébùú.

“Ṣé o rí i?” ló wí láti ilẹ̀.

Mo ní mo rí i.

Ó fẹ́ dìde. Orúnkún kò gbà. Ó tún gbìyànjú, ojú rẹ̀ pọ́n, eyín rẹ̀ há pọ̀. Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sáré lọ, mo sì di òpó náà mú. Ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni mo rò pé mo ṣe.

“Fi í sílẹ̀,” ni Gienia wí, ohùn rẹ̀ le bí ìgbà tó ń wa bọ́ọ̀sì. Mo fi í sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òpó dúró títí ó fi tún kan okùn. Ó mí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì wò mí lójú.

“Walenty, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Ní Sunday, wá dúró lẹ́yìn mi. Kíkúnlẹ̀ ò ní ṣòro fún mi, dídìde ni mi ò lè dá ṣe, ìwọ náà ti rí i. Kí gbogbo wọn máa wò, kí Ray máa wò, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má fọwọ́ kan àsíá. Ki apá bọ abẹ́ apá mi. Èmi ni kí o gbé dìde.”